Ìdánrawò Ogun Alájùmọ̀ṣe: Àgbéyẹ̀wò Àjálù Ìdánrawò Tiger ti Ọdún 1944

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìmúra ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Bìrìtéènì láti gba ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ àwọn Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lára ohun tí ó ti òwe yìí lẹ́yìn. Síbẹ̀, ìdánrawò kan tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 1944 fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí ọwọ́ pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ọwọ́ kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Etíkun Slapton, ní agbègbè Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n yàn, nítorí pé ó jọ etíkun Normandy tí wọ́n sọ ní Utah. Ní ìparí ọdún 1943, nǹkan bí 3,000 ará abúlé ni ìjọba ti ní kí wọ́n kó kúrò nínú ilé àti oko wọn nítorí irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀. Ìnira àwọn wọ̀nyí kì í sábà hàn nínú ìwé ìtàn ogun.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá mẹ́jọ ti Amẹ́ríkà tò tẹ̀ lé ara wọn ní Lyme Bay, wọ́n kó ọmọ-ogun, mọ́tò ogun àti epo. Ọkọ̀ ogun Bìrìtéènì méjì ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Scimitar, ti fara gbá ọkọ̀ mìíràn, ó sì wà ní èbúté Plymouth fún àtúnṣe. Azalea nìkan ni ó kù. Èyí tí ó burú jù ni pé àṣìtẹ̀ kan wà nínú ìwé àṣẹ, tí ó mú kí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa tẹ́tí sí ìgbì rédíò tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì mẹ́sàn-án, tí eré wọn pọ̀ púpọ̀, yọ sí wọn láti Cherbourg, ìkìlọ̀ tí ó yẹ kò dé etí wọn. Ọkọ̀ méjì rì. Ẹ̀kẹta bàjẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun ti so bẹ́líìtì amúniléfòó mọ́ ìbàdí dípò abẹ́ abíyá. Bí wọ́n ṣe bẹ́ sómi, ẹrù ẹ̀yìn wọn dorí wọn kodò. Àwọn tí ó kú jẹ́ 749.

Ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn Jámánì kò ṣòdodo sí ìtàn. Ọ̀tá ṣe iṣẹ́ ọ̀tá; ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ni àṣìtẹ̀ ti wá.

Ìbẹ̀rù mìíràn tún dìde. Ọ̀gágun mẹ́wàá tí wọ́n mọ àṣírí ìkọlù Normandy sọnù sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tá ti tẹ̀ wọ́n. Àyàfi ìgbà tí wọ́n rí òkú gbogbo wọn ni ọkàn àwọn aláṣẹ tó balẹ̀. Wọ́n pàṣẹ fún àwọn tí ó yè pé wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n mú ìgbì rédíò bára mu, wọ́n kọ́ ọmọ-ogun bí a ṣe ń lo bẹ́líìtì, wọ́n sì pèsè ọkọ̀ kéékèèké tí yóò máa yọ ènìyàn nínú omi. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, àwọn tí ó kú ní etíkun Utah gan-an kò tó iye tí ìdánrawò náà pa.

Ọdún 1984 ni wọ́n fa ọkọ̀ ogun onírin kan jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní Torcross, nítòsí Slapton, ní ìrántí àwọn òkú náà.