Madrid: Olú-Ìlú Òyìnbó Tí Mùsùlùmí Tẹ̀dó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ fún wa kí á lè rìn lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó a máa gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn nígbà ìsinmi, wọn a wọ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú lọ wo ìlú mìíràn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n sábà máa ń ní. Bí ẹ bá dé Madrid, olú-ìlú Sípéènì, wọ́n á júwe ààfin ọba, ilé àwòrán Prado àti pápá ìṣeré Real Madrid fún yín. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè kan kí ẹ tó máa ya fọ́tò: ta ló tẹ ìlú yìí dó? Mùsùlùmí ni.

Muhammad ọmọ Abdur-Rahman, amírì Qurtubah, èyí tí wọ́n ń pè ní Córdoba lónìí, jọba láti 852 sí 886. Òun ló kọ́ odi sórí òkè kan létí odò Manzanares, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Majrit. Ìdí tó fi kọ́ ọ ni pé àwọn ọba Kristẹni ń ti àríwá wá jagun, Tulaytulah, ìyẹn Toledo, sì wà ní gúúsù. Odi Majrit ni ó ń ṣọ́nà fún un. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so orúkọ náà mọ́ omi, nítorí pé omi pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Irú ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n gbẹ́ ni Madrid ń mu nínú rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, títí wọ́n fi fa omi odò Lozoya wọ ìlú ní 1858.

Nítorí náà, lẹ́yìn irun Àsùbáà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Cuesta de la Vega. Èyí tó ṣẹ́kù nínú odi náà wà níbẹ̀, nínú ọgbà kan tí wọ́n fi orúkọ amírì yẹn pè. Akọ òkúta àti òkúta ẹfun ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè kọjá níwájú rẹ̀ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ yíjú sí òkè, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Almudena, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1993. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú, ẹ tún orúkọ náà pè dáadáa. Al-mudayna ni, ìlú kékeré, ìyẹn inú odi. Ààfin ọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró lórí ibi tí Alcázar wà kí iná tó jó o ní 1734. Al-qasr ni Alcázar. Ẹnu àwọn ènìyàn ṣì ń pe èdè Lárúbáwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ni ín ti lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe lọ? Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló lé wọn. Nígbà tí ìjọba Qurtubah tú ká ní 1031, ìlú kọ̀ọ̀kan fi ọba tirẹ̀ jẹ. Àwọn ọba Mùsùlùmí wọ̀nyí ń bá ara wọn jà, wọ́n sì ń kó wúrà fún Alfonso Kẹfà, ọba Kristẹni, kí ó lè dáàbò bò wọ́n. Wúrà náà ló fi tọ́jú ọmọ ogun rẹ̀. Ní 1085 ó gba Tulaytulah, Majrit náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní àsìkò kan náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ rìn díẹ̀ sí àdúgbò Morería. Ibẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹ́kù ń gbé lábẹ́ ọba Kristẹni, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀mọ̀lé àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ilé ìṣọ́ oníbíríkì ti ṣọ́ọ̀ṣì San Nicolás, tí kò jìnnà síbẹ̀, ṣì ń fi àṣà ìkọ́lé wọn hàn títí di òní.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Plaza Mayor, ojúde ńlá tí wọ́n parí ní 1619. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Ère ọba kan wà láàárín rẹ̀ lórí ẹṣin, Felipe Kẹta. Ní 1502, wọ́n ti sọ fún àwọn Mùsùlùmí Castile pé kí wọ́n ṣèrìbọmi tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó ṣèrìbọmi àti ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní Morisco. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Lárúbáwá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Sípéènì ní ìkọ̀kọ̀, bí àwọn àáfà wa àtijọ́ ṣe fi kọ Yorùbá. Láti 1609 sí 1614, Felipe yìí lé nǹkan bí 300,000 nínú wọn jáde kúrò ní ilẹ̀ tí a bí wọn sí. Ọ̀pọ̀ gúnlẹ̀ sí Mòrókò, Àlùjíríà àti Tùnísíà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ohun tó dúró àti ohun tó ṣubú. Adé ti lọ, odi ti wó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò parun. Maslama al-Majriti, ọmọ ìlú yìí tó kú ní nǹkan bí 1007, tún ìṣirò ìràwọ̀ al-Khwarizmi ṣe kí ó lè bá Qurtubah àti kàlẹ́ńdà Hijira mu. Orúkọ Madrid wà lára orúkọ rẹ̀ títí di òní. Alfiyya tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ sórí ní ilé kéú ńkọ́? Ọmọ Jaén ni Ibn Malik tó kọ ọ́, ní ilẹ̀ Andalus kan náà. Ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé wọn sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè máa kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Madrid òde òní kọ́ ni wọ́n lé Morisco, àwọn náà ló sì ń tọ́jú odi tí ẹ lọ wò. Láti 1992 ni mọ́sáláásí ńlá kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì M-30, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ kí Alàásárì níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ ro èyí wò: ní àdúgbò wa, ní ẹgbẹ́ wa, ní mọ́sáláásí wa, ta ni à ń kó wúrà fún láti lè borí ọmọ ìyá wa?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìṣọ̀kan, kí Ó má jẹ́ kí ìtàn wa di àwókù tí àlejò yóò máa kọjá lára rẹ̀. Àmín.