Ayálégbé Tí Ó Fẹ́ Kó Jáde Kí Ọjọ́ Tó Pé

Bí olùkọ́ kan bá yá ilé fún ọdún kan ní Òde Máhìn, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Òkìtìpupa lẹ́yìn oṣù 4, ṣé ó lè kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi lóru kí ó sì máa lọ? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ oko ni àlejò ń tọrọ, kì í ṣe yàrá. Ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, kò sì gbọdọ̀ fi lé àlejò mìíràn lọ́wọ́ láìsọ fún onílẹ̀. Bí ó bá ń lọ, ilẹ̀ a padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ní 1863, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú òfin ilẹ̀ wọn wọ Èkó. Ní 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser, oníṣòwò ará Jámánì, bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun. Kò pẹ́ tí Jámánì fi yọ̀ǹda ibẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni òfin tí a fi ìwé kọ ṣe dé etíkun wa.

Ní 1945, a ṣe òfin lórí gbígba ilé padà ní Nàìjíríà. Bí àdéhùn kò bá sọ iye ọjọ́, ẹni tí ń san owó ilé lóṣooṣù ni a ń fún ní nótíìsì oṣù 1. Ti ọdọọdún, oṣù 6. Òfin tí Èkó ṣe ní 2011 fi hàn pé nótíìsì yìí kan onílé àti ayálégbé.

Ṣùgbọ́n bí àdéhùn bá dá ọjọ́ ìparí, ayálégbé kò lè dá a já fúnra rẹ̀, àfi bí àdéhùn bá fún un láyè, tàbí bí onílé bá gbà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, owó oṣù tí ó kù lè wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá sì ti san án ṣáájú, kí ó má retí pé dandan ni kí a dá a padà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ wa lọ bá onílé ní ọ̀sán gangan. Kí ó san gbèsè, kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ìfohùnṣọ̀kan wọn sílẹ̀.