Bí Fóònù Ṣe Di Bárakú fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará wa, kí a tó bá àwọn ọmọ wa ní yunifásítì wí, nílé àti lókè òkun níbí, ẹ jẹ́ kí a wo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní in, fíláàṣì ló ń ṣe (àwa tí a wà lókè òkun la sì ń pè é padà!). Owó ni ìjánu nígbà náà.

Facebook kò ní irú ìjánu yẹn. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2004. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló kọ́kọ́ wà fún, kó tó di ti gbogbo ayé ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni, ìpolówó ọjà ló ń mówó wá, nítorí náà bí ọmọ bá ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ tó ni èrè wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ní 2009 wọ́n fi bọ́tìnnì "Like" sí i, ni àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹni tó gba tiwọn.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eré kọ̀ǹpútà tó di bárakú mọ́ àìsàn; wọn kò ka ti fóònù mọ́ ọn. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní orí ń fọ́ òun, ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń bi í ni pé: aago mélòó lo pa fóònù rẹ lánàá?