Ta Ni Yóò San Owó Wákàtí Náà?

Ẹnu ló kó mi sí wàhálà yìí. Olùkọ́ ìtàn wa ti kọ́ wa nípa ìwọ́de tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, láti Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta dé ilé Gómìnà ní Marina. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá àgbà mi pé ìrìn náà kò ju nǹkan bí máìlì mẹ́ta lọ, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé Mẹ́kà ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ?

Bàbá àgbà ṣiṣẹ́ ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìwọ yóò rìn ín. Láti ẹnu ilé wa níbí ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀." Sábó ní Yàbá ni ilé wa.

Aago méje kò tíì lù tí a fi gbéra. Mo kọ́kọ́ ń sáré ṣáájú bàbá, mo ń dúró dè wọ́n. Kò pẹ́ tí n kò fi sáré mọ́. Nígbà tí a fi máa dé iwájú ọgbà rélùwéè, bàtà kánfáàsì mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù mí jẹ ní gìgísẹ̀. Bàbá dúró níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sínú ọgbà. "Ibí ni wọ́n ti gbéra. Tìrẹ ti rẹ̀ ọ́ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀."

Ohun tí wọ́n sọ fún mi níbẹ̀ kò sí nínú ìwé mi. Ní ọdún 1931, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo ayé, àwọn aláṣẹ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó wákàtí fún àwọn òṣìṣẹ́. Wákàtí tí o bá fi ṣiṣẹ́ ni ìwọ yóò gba owó rẹ̀. Èyí tí o kò bá ṣiṣẹ́, kò sí kọ́bọ̀. Nígbà tí ogun Hitler dé, oúnjẹ wọ́n gógó, owó wákàtí kò sì ká a mọ́. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà tí a bí ní 1902, ni aṣáájú ẹgbẹ́ wọn. Òun ló kó wọn lẹ́yìn lọ bá Gómìnà Bernard Bourdillon.

Bàbá wá bi mí pé, "Wákàtí tí wọ́n fi rìn yẹn ńkọ́? Ta ni yóò san án?"

N kò lè dáhùn.

A kọjá ọjà Òyìngbò, níbi tí àwọn alábàárù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ṣubú, a kọjá Ìddó, a sì gun Afárá Carter. Òòrùn ti mú. Kì í ṣe afárá tí àwọn yẹn gbà kọjá nìyí. Wọ́n ti tú ti àtijọ́ palẹ̀ ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 kí wọ́n tó kọ́ eléyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kan náà ni. Gìgísẹ̀ mi ti lé ròrò, iṣan ẹsẹ̀ mi ń fà, òùngbẹ sì gbẹ mi. Atẹ́gùn fẹ́ wá láti orí omi, ó gba gbogbo ara mi, n kò rò pé mo ti gbádùn atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wẹ̀yìn, mo rí ibi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí mo bá rìn tí mo padà, oúnjẹ wà nílé. Ẹni tó gun afárá yìí lọ́jọ́ náà ń fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ rìn ni, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò kù fún òun lọ́jọ́ kejì. Ìgbà ogun sì ni. Ta ló mọ ohun tí ìjọba òyìnbó lè ṣe?

Ìrìn náà kò já sí asán. Ní ọdún 1942, ìjọba fọwọ́ sí owó àfikún fún àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n gógó. Imoudu ní tirẹ̀ jìyà rẹ̀: ní 1943 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì mú un kúrò ní Èkó lọ sí àtìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, ọdún náà ni ìyanṣẹ́lódì ńlá tó ju oṣù kan lọ bẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ láyé, ọdún 2005 ló tó kú. Orúkọ rẹ̀ la mọ̀. Nínú àwọn ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e rìn, n kò lè dárúkọ ẹyọ kan.

Nígbà tí a dé ìtòsí ilé Gómìnà àtijọ́ ní Marina, mo jókòó sílẹ̀, mo bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀. Bàbá wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ṣé kí a máa rìn padà?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Dáńfó la wọ̀ padà ní CMS. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi kọjá afárá. Nígbà tí mo yíjú sí bàbá láti sọ fún wọn, wọ́n ti sùn lọ, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.