Àwọn Ará Darnhall àti Ìwé Àwọn Mọ́ńkì

Ìwé kan ṣoṣo ni ó ròyìn ìjà àwọn ará Darnhall ní kíkún, àwọn tí wọ́n bá jà ni ó sì kọ ọ́. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ilé àwọn mọ́ńkì Vale Royal sílẹ̀ ní ilẹ̀ Cheshire. Ọdún 1277 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó fi abúlé Darnhall àti Over ta ilé náà lọ́rẹ, tilẹ̀tilẹ̀, tènìyàntènìyàn.

Àṣà tí àwọn mọ́ńkì kọ sílẹ̀ fún àwọn ará Darnhall le púpọ̀. Ẹni tí kò bá lọ ọkà rẹ̀ ní ọlọ wọn yóò pàdánù ọkà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ yóò sanwó. Bí baálé ilé bá kú, ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀, ẹṣin rẹ̀, oyin rẹ̀, aṣọ rẹ̀, wúrà, fàdákà, títí dé orí ìkòkò idẹ, ti ilé mọ́ńkì ni. Ipò wọn burú ju ti ìwọ̀fà lọ, nítorí ìwọ̀fà mọ iye owó tí yóò dá a sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ gbèsè kankan tí wọ́n lè san tán.

Ọmọ bíbí inú òmìnira ni wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún 1336, àwọn kan nínú wọn díbọ́n pé àwọn ń lọ ṣe ìrìn-àjò mímọ́ sí ibojì Tọ́másì Mímọ́ ní Hereford, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Edward Kẹta ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n ní Nottingham. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n tún pe ẹjọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ Ayaba Philippa. Ní Exton, ní ilẹ̀ Rutland tí ó jìnnà sí ilé wọn, wọ́n dá Peter, olórí àwọn mọ́ńkì, lọ́nà. Ẹ̀mí ìránṣẹ́ rẹ̀ kan bọ́. Níkẹyìn ni wọ́n fi wọ́n lé Peter lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń dúró nínú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi mélòó kan, láìdé fìlà, láìwọ bàtà, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́.

Ẹ̀gàn ni òǹkọ̀wé náà fi ròyìn gbogbo èyí. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ yìí mọ ọ̀nà ààfin, wọ́n sì mọ ẹni tí a ń pe ẹjọ́ sí lẹ́yìn tí ọba bá kọ̀. Àti pé, bí àwọn ará Darnhall bá ti gba ipò wọn bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn mọ́ńkì ń wá tí wọ́n fi ka ìkòkò idẹ wọn sínú ìwé?