Àwọn Tí Wọ́n San Ṣílè Kan ní Hyde Park

Ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin òbí wọn, àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí àfojúbà ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ṣe rọ́ wá sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ní ọdún 1851.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ọbabìnrin Victoria ṣí Àfihàn Ńlá ní Hyde Park. Joseph Paxton ni ó ya àwòrán ilé tí wọ́n lò. Irin àti dígí ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn igi ńlá kan wà láàyè lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Wọ́n pàtẹ ẹ̀rọ, aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè síbẹ̀.

Owó ìwọlé wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, wọ́n sọ ọ́ di ṣílè kan, láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, kí mẹ̀kúnnù náà lè wọlé. Àyà ọ̀pọ̀ ọlọ́lá já. Wọ́n ní rògbòdìyàn yóò bẹ́ sílẹ̀, olè yóò sì pọ̀. Wọ́n fi kún iye ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ wọ rélùwéè wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n di oúnjẹ dání, wọ́n sì fa ọmọ wọn lọ́wọ́. Ìyá arúgbó kan, Mary Kelynack, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi ẹsẹ̀ rìn láti Cornwall, ó ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà wa ti í ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá nìkan, àwọn tí ó wọlé lé ní 109,000. Rògbòdìyàn tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀.

Èrè tí ó kù tó nǹkan bí £186,000. Wọ́n fi lára rẹ̀ ra ilẹ̀ ní South Kensington, níbi tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá wà títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, àwa náà mọ bí ó ti máa ń dun ni tó bí wọ́n bá ń ṣọ́ ni lẹ́nu ọ̀nà bí olè. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kí wọ́n tó rí ìwà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá lọ wo egungun dáínósọ̀ ní Natural History Museum, tí ẹnikẹ́ni kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ rántí pé ṣílè àwọn tí a fura sí wà nínú ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀.