Kulintang ní Amẹ́ríkà

Kulintang ni orin agogo àwọn Maguindanao àti Maranao, Mùsùlùmí erékùṣù Mindanao ní gúúsù Filipínì. Agogo idẹ mẹ́jọ tó yọ ìdodo láàárín ni wọ́n ń tò sórí igi, láti orí kékeré dé orí ńlá. Ẹni tó jókòó tì wọ́n a sì máa fi igi méjì lù wọ́n. Agung, agogo ńláńlá, ń dún kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dabakan nìkan ni ìlù aláwọ níbẹ̀. Gandingan, agogo mìíràn, a máa fọhùn bí ènìyàn ní tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ra ti fi í ránṣẹ́ síra wọn rí, ọ̀rọ̀ tí kò lè ya onídùndún lẹ́nu.

Ní 1976 ni Danongan Kalanduyan, ọmọ Maguindanao, dé Yunifásítì Washington ní Seattle. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí California, ó dá ẹgbẹ́ Palabuniyan sílẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ Filipínì tí a bí sí Amẹ́ríkà. Ọmọ Kristẹni ni púpọ̀ nínú wọn, gìtá ni òbí wọn mọ̀. Àṣà aládùúgbò ni wọ́n wá kọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ó sì yẹ kí wọ́n máa dárúkọ ẹni tó ni ín. Kalanduyan gba oyè National Heritage Fellowship ní 1995. Ó kú ní 2016.